Orí Ewé tó pá: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe wá ìdí ìyẹ́ tó ń re lára ẹyẹ wa, tí mo sì tún ilé wọn ṣe

Ọjọ́ 1, Sátidé, oṣù Ṣẹẹrẹ

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń gbá abẹ́ kéèjì láàárọ̀, ló bá ké pè mí: "Dádì, ẹ wá wò ó o, ìyẹ́ Ewé ti pọ̀ jù nílẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, òótọ́ ni. Ìyẹ́ wẹ́wẹ́, òmíràn ò tó èékánná ọmọdé, ló dà sáàárín èèpo jéró. Nígbà tí mo wá gbójú sókè wo ẹyẹ fúnra rẹ̀, àyà mi já. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti pá, awọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti hàn síta, ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò mi. Àyà rẹ̀ náà ti ṣí sílẹ̀, ìhùùhù eléèérú nìkan ló kù níbẹ̀.

Párákíìtì ni wọ́n, irú kékeré tí àwọn tó ń ta ẹyẹ ń pè ní bọ́jì. Méjì ni a ní. Ewé ni akọ, àwọ̀ ewé ló ní. Aró ni abo, àwọ̀ tirẹ̀ dàbí aṣọ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹran tó wà lókè àgógó wọn, níbi tí ihò imú wà, la fi ń dá wọn mọ̀: ti akọ tó ti dàgbà a máa jẹ́ búlúù, ti abo a pọ́n bí èèpo ẹ̀pà. Ìbátan ayékòótọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ọsirélíà ni ilé bàbá wọn. Ọdún 1840 ni John Gould kó díẹ̀ nínú wọn láàyè dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n gbà di ẹyẹ inú ilé káàkiri. Ìwọ̀n àgbà wọn kì í ju gíráàmù 30 sí 40 lọ, ẹyin adìẹ àgíríìkì wúwo jù wọ́n. Mo fi ìwọ̀n yìí síbí nítorí pé ó ṣe pàtàkì lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ oògùn dé.

Iṣẹ́ fíríìjì ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá. Bí wọ́n bá gbé fíríìjì tí kò tutù mọ́ wá, ohun tí oníbàárà máa ń sọ ni pé kí n ṣáà rọ gáàsì sí i. Tí mo bá rọ ọ́ láì wá ibi tó ti ń jò, kò ní pé oṣù kan tí wọ́n á tún gbé e padà. Mo sọ fún ọmọ mi pé a ò ní ra oògùn kankan títí a ó fi rí ojú ibi tí ìyẹ́ yìí ń gbà lọ.

Ọjọ́ 2

Ìyá mi wá kí wa láti Òjé. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ọyẹ́ ni, kí n fi àdí pa á lára. Lóòótọ́ ọyẹ́ ọdún yìí mú, ètè gbogbo wa ló là. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má tíì fi òróró kan ẹyẹ. Òróró a máa lẹ ìyẹ́ pọ̀, ìyẹ́ tó bá sì ti lẹ̀ pọ̀ kò lè gba òtútù dúró fún ẹyẹ mọ́. Ẹyẹ tó ti pá láyà, tí a tún fi àdí pa, ní ìdájí ọyẹ́, ikú la fi ń ṣeré. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú abọ́ pẹlẹbẹ ni mo gbé sí wọn dípò rẹ̀. Aró wẹ̀. Ewé kàn dúró ń wò ó.

Ìkejì tí mo rò ni pé bóyá ìyẹ́ ló ń pààrọ̀. Gbogbo ẹyẹ ló ń re ìyẹ́, àwọn bọ́jì a sì kọ́kọ́ ṣe é nígbà tí wọ́n bá tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ tó re fúnra rẹ̀ a máa re díẹ̀díẹ̀, lápá ọ̀tún bíi ti òsì, kí èyí tó jábọ́ ni tuntun á ti máa yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹnu abẹ́rẹ́. Kì í sọ ẹyẹ di abọ̀lọ́rùn. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn orí Ewé dáadáa: dan, kò sí ẹnu abẹ́rẹ́ kankan. Kì í ṣe pé ó ń pààrọ̀ ìyẹ́.

Ọjọ́ 3

Mo ya àwòrán ẹyẹ sínú ìwé tí mo fi ń kọ iṣẹ́, ẹ̀yìn àti iwájú, mo fi bírò pupa kun gbogbo ibi tó pá. Ẹ̀yìn orí, títí dé ọrùn lókè. Àyà. Abẹ́ apá òsì díẹ̀. Ìyẹ́ ìrù pé, ìyẹ́ apá tó fi ń fò pé.

Àwòrán yìí ló ní ìmọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, mi ò sì mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: kò sí bí ẹyẹ ṣe lè yí ọrùn tó tí àgógó rẹ̀ á fi kan ẹ̀yìn orí ara rẹ̀. Ẹyẹ lè já ìyẹ́ àyà rẹ̀, ó lè já ti abẹ́ apá, ti itan. Orí nìkan ni kò lè dé. Nítorí náà, tí orí bá pá, ẹlòmíràn ló ń já a, tàbí kòkòrò tàbí àìsàn ló wà níbẹ̀. Mo kọ gbólóhùn yìí sí abẹ́ àwòrán. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan gbáko.

Ọjọ́ 4, òru

Mo fi aṣọ funfun bo kéèjì lálẹ́. Aago méjì òru mo dìde, iná ò sí, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Mo rọra ká etí aṣọ sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ní ìsàlẹ̀ aṣọ, níbi tó ti kan igi férémù, nǹkan wà tó ń rìn. Wọ́n kéré ju hóró iyẹ̀pẹ̀ lọ, àwọn kan dúdú, àwọn kan pọ́n bí ata gígún. Mo fi bébà funfun tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló fà tẹ́ẹ́rẹ́ sórí bébà.

Iná pupa tó máa ń dà adìẹ láàmú ni. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní bí aláǹtakùn, kò dàbí iná orí tó ní mẹ́fà. Kì í gbé ara ẹyẹ lójú ọ̀sán. Ihò igi ló ń sá pamọ́ sí, tílẹ̀ bá ṣú ni yóò jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá wo ẹyẹ rẹ̀ lọ́sàn-án, tó ní òun ò rí kòkòrò, kò tíì wò ó. Nígbà ooru, láti ẹyin títí dé àgbà kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, àgbà rẹ̀ sì lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ nǹkan kan. Pátákó Bódìjà tí káfíńtà fi kan férémù wa lọ́dún méjì sẹ́yìn ti là ní gbogbo oríkèé rẹ̀. Nígbà tí mo ti ọ̀bẹ tínrín bọ inú ọ̀kan lára àwọn ojú ìlà yẹn, wọ́n ń dà jáde.

Níbo ni wọ́n ti wá? Mo gbé àkàsọ̀ lójúmọ́. Ìtẹ́ ẹyẹlé wà lábẹ́ páànù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó apá méjì sí fèrèsé tí a gbé kéèjì sí. Ìtẹ́ ti ṣófo. Àwọn ẹyẹlé lọ tán, ebi ń pa àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ọjọ́ 5

Àlàájì tó ń gbé iwájú ilé wa gbọ́, wọ́n gbé ìgò kékeré kan wá. "Bàbá Ṣadé, ẹ fọ́n ọtapiapia díẹ̀ sí i, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn á ti kú." Inú rere ni wọ́n fi gbé e wá, mo dúpẹ́, mi ò gbà á. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ọtapiapia, oró tó ń da iṣan ara rú ni. Lọ́dún 2019 NAFDAC fòfin de ìgò kékeré mílílítà 100 rẹ̀ nítorí jàǹbá tó ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ti ẹyẹ tún wá burú sí i. Yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹyẹ ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ káàkiri inú ara rẹ̀, ohun tó bá mí símú ń wọlé ju tiwa lọ. Èéfín páànù ìdínǹkan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tó gbóná kọjá ààlà lórí iná, ti tó láti pa á. Wọ́n á kú lóòótọ́, Àlàájì, ṣùgbọ́n àtẹyẹ àtiná ni.

Ọjọ́ 6

Mo gbé Ewé nínú páálí lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn. Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Kò sáré. Ó kọ́kọ́ jókòó wò ó nínú páálí, ó wo bó ṣe ń mí, kó tó fọwọ́ kàn án. Ó wo àgógó àti ẹsẹ̀, nítorí pé irú kòkòrò mìíràn wà tó ń gbẹ́ ibẹ̀ títí á fi hu èépá bí afárá oyin. Kò sí. Ó fa ìyẹ́ apá sílẹ̀, ó wo ìdí wọn níkọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan fún mọ́ra tàbí ó lọ́, nítorí àrùn àgógó àti ìyẹ́, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, a máa ba ìyẹ́ jẹ́ láti ìdí, kò sì ní oògùn. Ìyẹ́ Ewé tọ́. Àrùn mìíràn tó ń mú kí bọ́jì kékeré pàdánù ìyẹ́ apá àti ìrù, tí wọn ò fi ní lè fò, ọmọ tuntun ló ń bá jà. Ewé ti lé ní ọdún méjì. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 33.

Ó po ivermectin, oògùn tó ń pa kòkòrò ara, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó kán ẹ̀kán kan sí awọ ọrùn rẹ̀, ó ní kí n gbé Aró náà wá, kí àwọn méjèèjì sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14, nítorí oògùn náà kì í pa ẹyin kòkòrò.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń rò pé òun lè ra ìgò ti màlúù kó sì ṣe é fúnra rẹ̀ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò fún ẹyẹ ni mílígíráàmù 0.2 fún kílò kan. Fún gíráàmù 33, ó di mílígíráàmù 0.0066. Ìgò ti màlúù ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan, nítorí náà ohun tí Ewé nílò jẹ́ mílílítà 0.00066. Ìlà tó kéré jù lórí síríńjì mílílítà kan jẹ́ 0.01. Tí ọwọ́ rẹ ò bá gbọ̀n rárá, tí o sì fa ìlà kan ṣoṣo péré, o ti fún un ní ìlọ́po 15.

Ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 15: kéèjì tuntun

Mi ò lè tún ti àtijọ́ ṣe. Igi tó là kò ṣeé fọ̀ mọ́. Mo kó àwọn ẹyẹ sínú kéèjì kékeré tí mo yá, mo sun férémù àtijọ́ lẹ́yìnkùlé, mo da omi híhó sí gbogbo ojú fèrèsé, mo sì gbá ìtẹ́ ẹyẹlé kúrò.

Irin nìkan ni mo fẹ́, láìsí igi nínú férémù, láìsí ibi tí irin méjì ti fẹ̀gbẹ́ kanra tí àlàfo á wà láàárín. Wẹ́dà tó wà létí títì jó o fún mi: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 90, ìbú 45, gíga 60. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kó ga ju bó ṣe gùn lọ, nítorí pé ó máa ń lẹ́wà bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹyẹ yìí kì í fò bí hẹlikọ́pítà. Ọ̀kánkán ló ń fò, ọ̀nà gígùn ló nílò. Wáyà nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 12 la fi bò ó, kí orí má baà há.

Síńkì ló wà lára wáyà tuntun, párákíìtì sì ń fi àgógó gun òkè, gbogbo ohun tó bá gbá mú ló ń jẹ. Síńkì a máa pa wọ́n. Mo fi fínígà àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ nẹ́ẹ̀tì náà látòkè délẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹ̀fun funfun ń wá sí ọwọ́ mi. Mo fi omi ṣàn án, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹnu wáyà tí a gé, mo fi fáìlì ha á. Mi ò kun ọ̀dà.

Ibi tó dá mi dúró ni tíréè. Iná wẹ́dìn ti ká irin ìsàlẹ̀, tíréè wọlé dé ìdajì, kò lọ mọ́. Wẹ́dà ní kí n gé tíréè kéré. Tí mo bá gé e, àlàfo á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbẹ́ àti jéró á máa kó síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iná máa fi ṣe ilé. Mo tú u sílẹ̀, mo gbé e lé orí pèpéle sìmẹ́ńtì, mo fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó tọ́. Ó ń wọlé báyìí bí dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀ka igi gúáfà ni mo fi ṣe ibi tí wọ́n ń bà lé, èyí tó tínrín, èyí tó ki, pẹ̀lú èèpo rẹ̀ lára. Oṣooṣù la ó máa sun wọ́n, a ó gé tuntun.

Oúnjẹ náà yí padà. Odindi ọdún méjì ni a fi fún wọn ní jéró nìkan, ó dùn mí nígbà tí dókítà bi mí léèrè. Èròjà kan náà tó di èékánná wa ló di ìyẹ́, amúaradàgbà ni, jéró ò ní tó. Fítámì A inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹyin sísè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kárọ́ọ̀tì, ewé mọ́ríńgà. Píà kọ́ o, oró ni fún ẹyẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn ò fi fẹnu kan kárọ́ọ̀tì, àfìgbà tí mo rin ín wẹ́wẹ́ pò mọ́ jéró tútù. A tún gbé wọn kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, nítorí iná wa kì í kú kó tó di ọ̀gànjọ́, wọ́n sì nílò òkùnkùn tó wákàtí 10 sí 12.

Ọjọ́ 24

Aṣọ funfun mọ́, fún òru mẹ́ta léra. Ẹnu abẹ́rẹ́ ti yọ ní àyà Ewé, wọ́n tò bí ẹgẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo kọ "Iṣẹ́ parí" sínú ìwé.

Ọjọ́ 33

Kò parí. Àyà ti kún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí ṣì pá, ó tilẹ̀ ti fẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ kan tó gbẹ wà níbẹ̀. Mo ṣí ìwé padà sí ojú ewé Ọjọ́ 3. "Tí orí bá pá, ẹlòmíràn ló ń já a." Iná pupa ló mú kí Ewé máa yún ara rẹ̀ láyà títí tó fi já ìyẹ́ rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ojú ihò kan. Fíríìjì lè jò ní ojú méjì, mo mọ èyí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, síbẹ̀ nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí bébà inú mi dùn débi pé mo dáwọ́ wíwá dúró.

Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà Ewé rìn lọ bá Aró, ó tẹ orí ba, ó di ojú. Aró bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìyẹ́ orí rẹ̀ ṣe, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń wá nǹkan nínú irun ọmọ. Lójijì ó fà. Ewé gbọ̀n, ó ké ṣíún, kò kúrò. Aró jẹ ẹnu ìyẹ́ náà, ó jù ú sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ewé ni ó ń gbé orí fún un.

Ẹran imú Aró ti dúdú, ó ti hu èépá: àmì pé ó fẹ́ yé. Nígbà náà ni mo rí igbá kékeré tí ọmọ mi so sínú kéèjì láti oṣù Bélú, tí a sì tún gbé wọ inú tuntun, kí wọ́n lè máa ṣeré níbẹ̀. Ibi ìtẹ́ ni Aró rí. Ó ń ṣọ́ ọ, ó ń lé Ewé, kò sì sí nǹkan mìíràn tó lè fi àgógó já. A yọ igbá. Ọmọ mi sunkún díẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ìfẹ́ ló fi so ó, pé èmi náà rí i lójoojúmọ́ tí mi ò bi ara mi léèrè. Mo gé nẹ́ẹ̀tì kan sí àárín kéèjì, wọ́n ń ríra, wọn ò lè dé ara wọn. Mo so màrìwò àti ṣùkù àgbàdo sí ọ̀dọ̀ Aró. Láàárín ọjọ́ méjì ó ti fa màrìwò ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Ọjọ́ 52

Ìyẹ́ tí a fà tu láti ìdí a máa padà hù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó kán, tí kùkùté rẹ̀ ṣẹ́kù, á dúró di ìgbà tí ẹyẹ bá tún pààrọ̀ ìyẹ́. Ti Ewé, a fà á tu ni, orí mi sì gbọ̀pẹ́ fún ìyẹn. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ kún fún abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, àpò funfun wé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí wọn ṣì dúdú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ wọn. A ò fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀kan bá kán, ẹ̀jẹ̀ á jáde, ìyẹ̀fun àgbàdo la ó fi tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ 60

Àpò funfun tó wà lórí ìyẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ṣí kí ìyẹ́ tó lè tẹ́. Ti àyà, Ewé ti ṣí i fúnra rẹ̀. Ti orí, àgógó rẹ̀ ò dé ibẹ̀, bó ṣe wà ní Ọjọ́ 3. Lónìí ó lọ fi orí ti nẹ́ẹ̀tì àárín. Aró wá. Mo dìde, mo ti fẹ́ lọ lé e. Ojú mílímítà 12 yẹn gba ẹnu àgógó rẹ̀ nìkan, kò gbà á láyè láti di ìyẹ́ mú fà. Ó rọra bó àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹ̀fun funfun ń dà sílẹ̀, ewé tútù sì ń ṣí jáde lábẹ́ rẹ̀.

Nẹ́ẹ̀tì àárín ṣì wà níbẹ̀ títí ẹran imú Aró á fi mọ́. Aṣọ funfun náà, gbogbo alẹ́ Sátidé la ṣì ń fi bo kéèjì wò.